Okùn Àádọ́jọ Mítà

Ẹ bá mi wo Halvdan o! Nínú gbogbo àfonífojì wa yìí, kò sẹ́ni tó mọ òfin àgọ́ tó o. Òfin ọ̀hún kò sì le rárá: ilẹ̀ tí wọn ò dáko sí, ẹnikẹ́ni ló lè pàgọ́ síbẹ̀ láìtọrọ àyè, kó ṣáà ti jìnnà ní àádọ́jọ mítà sí ilé téèyàn ń gbé, kó má sì sùn ju òru méjì lọ àfi tí onílẹ̀ bá gbà. Àwa yòókù á kàn fojú díwọ̀n ẹ̀, a ó máa bá tiwa lọ. Halvdan kì í fojú díwọ̀n nǹkan ní tiẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wọn títì fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì.

Ó ní okùn kan tó gùn ní àádọ́jọ mítà géérégé, ó sì so ìdí ẹ̀ mọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ahéré rẹ̀ létí adágún. Bó bá ti rí àgọ́ lórí ilẹ̀ ẹ̀ báyìí, á gbé kọfí kalẹ̀, á fa okùn. Bí okùn bá kọjá àgọ́ pẹ́nrẹ́n, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ẹ má rò pé á bá wọn sọ̀rọ̀ o! Ta ní ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ níbí? Ìwé pélébé ló máa ń kọ, á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu àgọ́ nígbà tí kò bá sẹ́nì kan níbẹ̀, á sì yọ́ lọ bí olè. "Ẹ kú ìsinmi o. Ọgọ́fà mítà ni ẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún." Tàbí: "Ẹ kú ìsinmi o. Ẹnu àgọ́ yín kọjú sí fèrèsé ẹlòmíì. Òfin ò kọ̀ ọ́, àmọ́ kò bójú mu." Kódà ó ti kọ̀wé sí tọkọtaya kan pé ìgbẹ́ tí wọ́n bò, wọn ò gbẹ́ ihò ẹ̀ jìn tó. Ó wọn ìyẹn náà!

Gudveig, ìyá ọlọ́gọ́rin ọdún tí ahéré tiẹ̀ wà lókè díẹ̀, nìkan ló ń bá a sojú abẹ níkòó.

"Halvdan, ṣé okùn yìí ló máa bá ọ dọ́jọ́ ogbó ni?"

"Màmá, ṣé èmi ni mo ṣòfin?"

"Òfin ló lé Ingunn lọ, àbí ìwọ?"

Ibẹ̀ ni bàbá á ti ká okùn ẹ̀, á gbalé lọ.

Ingunn lọmọ kan ṣoṣo tó bí. Nígbà tó wà ní kékeré, òun ló máa ń di orí okùn mú, tí á sáré wọnú koríko, tí á máa pariwo, "Bàbá, ó ti tán o!" Ọdún méje sẹ́yìn ló mú àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wálé. Ahéré ò gbà wọ́n, ni ọmọkùnrin náà bá pàgọ́ sábẹ́ igi. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yìí ṣe. Ó fa okùn! Fún àna ara ẹ̀! "Ọgọ́rin mítà," ló wí, "ẹ máa sún." Ingunn bú sẹ́kún: "Bàbá, ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ lẹ ń fokùn wọ̀n bí ẹní wọn títì?" Wọ́n di ẹrù wọn, ó parí. Ó ti wá bímọ obìnrin kan, Tuva. Inú fọ́tò tí Gudveig fi hàn án ni Halvdan ti mọ̀ ọ́n.

Ó ń retí ọmọ ẹ̀ o, kí n má parọ́. Lọ́dọọdún tí ooru bá ti mú, á pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì Ingunn. Ẹni tó ń kọ̀wé sí gbogbo ayé, kò rí ìlà kan kọ sí ọmọ ara ẹ̀. Ó ní òfin wà lẹ́yìn òun.

Ní oṣù Keje tó kọjá, àgọ́ aláwọ̀ ewé kan yọ. Àwọn tó ni ín ti gòkè lọ. Halvdan fa okùn: mítà mẹ́tàdínláàádọ́jọ. Ó kọ̀wé, ó fòkúta tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jí lọ́jọ́ kejì, àgọ́ ti sún. Ó tún wọ̀n ọ́n. Orí okùn kan èèkàn àgọ́ wẹ́kú! Ó sáré lọ bá Gudveig.

"Màmá, mítà mẹ́ta géérégé! Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé rèé o!"

"Lọ kí wọn nígbà náà."

"Kí n lọ kí wọn kẹ̀? Wọn ò mà ṣẹ̀ mọ́!"

Ó fi awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn wò wọ́n lókèèrè: obìnrin kan àti ọmọdé, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń sọ òkò sómi. Kíá ló gbé awò sílẹ̀, torí wíwo àgọ́ ẹni ẹlẹ́ni kò bójú mu. Àmọ́ ó ti pinnu. Lọ́jọ́ kẹta, dandan ni kí wọ́n wá tọrọ àyè, òun á sì gbà. Ó yan àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ, ó gé wàràkàṣì sí i, ó gbé ife mẹ́ta sílẹ̀.

Títí di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó fi máa débẹ̀, àgọ́ ti lọ. Wọn ò ba koríko jẹ́, wọn ò fi eérú sílẹ̀. Ìwé tiẹ̀ ló bá lábẹ́ òkúta, wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn ẹ̀:

"Bàbá, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi mítà mẹ́ta jẹ̀bi ni, kí ẹ lè wá bá wa. Ìwé lẹ kọ. A dúró fún òru méjì. Òfin ò gbà wá láyè ìkẹta láìjẹ́ pé onílẹ̀ lanu sọ̀rọ̀. Ingunn."

Halvdan jókòó sínú koríko, ó sunkún bí ọmọdé.

"Kọ̀wé sí i," Gudveig ló wí bẹ́ẹ̀ nígbà tó mú ìwé náà lọ hàn án.

"Màmá, ìwé tí mo kọ ti tó."

Lọ́jọ́ kejì, ó wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́fà dé ilé Ingunn létí igbó. Ẹ wò ó, kò lè kanlẹ̀kùn! A kì í yọ sílé èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n pè wá. Ó so okùn mọ́ ẹnu ọ̀nà jẹ́jẹ́, ó fà á wọnú igbó títí ó fi tán. Ó dúró. Ó ronú. Ó padà sẹ́yìn mítà mẹ́ta, ó pàgọ́ ẹ̀ síbẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ẹ̀.

Aṣọ fèrèsé mì. Ó pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọbìnrin kékeré kan di okùn mú, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Kò kí bàbá. Ìwé pélébé kan ló nà sí i.

"Ẹ kú ìsinmi o. Mítà mẹ́tàdínláàádọ́jọ ni ẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún wọlé."