Ìbọn Ìṣeré Tí A Tún Ṣe ní Owódé Onírin

Dókítà ló fa gbogbo ẹ̀. Ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti ga jù fún ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, àti pé ìjókòó tí mò ń jókòó ní ọ́fíìsì ní Anthony láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò ní ṣe mí lóore. Mo gbìyànjú kí n máa sáré yí ẹ́síteètì wa ká ní Ìkòsì, àmọ́ ó ti sú mi kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá mú mi lọ síbi tí àwọn kan ti máa ń ṣeré ní Sátidé, nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan tí wọ́n mọ odi gíga yí ká. Wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n á wọ awò tó bo ojú dáadáa, wọ́n á sì máa fi ìbọn ìṣeré yin ọta ike wẹ́wẹ́ lu ara wọn. Bátìrì ló ń mú ìbọn náà ṣiṣẹ́. Ọta ẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Bó bá bani lára, ó máa ń ta díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo sáré, mo fàyà fà, mo lúgọ, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé ikùn ń dùn mí.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi yìí fẹ́ jápa lọ sí Kánádà, ó fún mi ní ìbọn tiẹ̀. Dúdú ni, ó sì jọ ti sójà débi pé inú báàgì gìtá ni mo máa ń gbé e sí. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, gbogbo ìgbà ló ń ní kí n gbé e pamọ́. Èmi ní tèmi, ohun tó wà lọ́kàn mi ò ju pé kí n mú un lágbára sí i. Mo tú u sórí tábìlì ìjẹun, mo ń wo fídíò lórí fóònù, mo yọ sípíríǹgì inú ẹ̀, mo sì fi èyí tó le jù ú lọ rọ́pò ẹ̀. Ó yìn dáadáa fún Sátidé mẹ́ta. Ní ìkẹrin, ó dún bí ẹni ń rún yanrìn lẹ́nu, ó sì dákẹ́. Nígbà tí mo tún un tú, mo rí i pé àwọn gíà inú ẹ̀ ti ń yẹ̀ kúrò ní àyè wọn, wọ́n sì ti ń jẹ ara wọn léyín.

Wọ́n júwe bàbá kan fún mi ní Owódé Onírin, pé kò sí irin kékeré tí kò lè fi ẹ̀rọ ẹ̀ gbẹ́. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, láàárín àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó so awò ojú ẹ̀ mọ́ ọrùn.

“Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá. Kí lẹ gbé wá?”

Mo ṣí báàgì, mo fa ìbọn náà jáde. Bàbá fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi kan ògiri.

“Ìṣeré ni, Bàbá. Ẹ wò ó, ọta ike ló ń yìn.”

“Mo gbọ́. Ẹ gbé e padà sínú báàgì.”

Kò pariwo. Nígbà tí mo ti fa síìpù báàgì pa, ó jókòó, ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. “Mo ní àbúrò kan,” ló wí. “Èmi ni mo mú un wá sí Èkó. Bíríkìlà ni. A jọ ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Mile 12, àwọn kan ń jà, wọ́n ń yìnbọn. Kò mọ wọ́n, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Ọta bà á, kò dìde mọ́. Mo rí ìbọn ọwọ́ ẹni tó yìn ín bí mo ṣe ń rí yín yìí.” Ó gbójú sókè wò mí. “Mi ò lè fọwọ́ kàn án, Ọ̀gá. Ẹ má bínú.”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ má bínú sí mi, Bàbá.”

Mo wakọ̀ délé láì tan rédíò. Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó ní, “Daddy, bàbá yẹn mọ̀ pé ike ni. Ara wọn ni ò mọ̀.” Ó tún ní, “Ọlọ́pàá tó bá rí i lọ́wọ́ yín lójú títì ńkọ́? Ṣé ó máa dúró béèrè?” Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìbọn yẹn, bó ṣe máa le sí i nìkan ni mò ń rò. Mi ò ro ti ẹni tó máa rí i.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo yọ gíábọ́ọ̀sì inú ẹ̀, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo kó o sínú ike áísìkírìmù, mo padà lọ bá Bàbá. Mo bẹ̀rẹ̀ kí wọn. “Bàbá, mi ò fẹ́ tàn yín. Inú ìbọn ọjọ́sí ni irin yìí ti jáde. Tẹ́ ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ike náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó na ọwọ́. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n gbé e sún mọ́ iná, wọ́n sì ń fi ìka kan yí gíà náà díẹ̀díẹ̀.

“Ta ló tú èyí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ó hàn.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín nìyẹn. “Gíà kọ́ ló fà á. Búṣì, òrùka ike kékeré tó gbé wọn dúró, ló ti gbó. Sípíríǹgì tó o... tẹ́ ẹ fi sí i ti le ju ara ẹ̀ lọ.”

Wọ́n ní àwọn máa gbẹ́ búṣì mẹ́fà mìíràn fún un, ti idẹ. Iṣẹ́ náà kéré, àmọ́ ó gba sùúrù, torí bí ihò ẹ̀ bá fi ìwọ̀n irun orí tóbi jù, gíà á tún máa yẹ̀. A ṣe méjì lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí n padà wá fún ìyókù.

Nígbà tí mo padà dé, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ pé odò ti kún wọ ilé Bàbá ní Ajégúnlẹ̀ tó wà nítòsí. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo béèrè ọ̀nà títí mo fi débẹ̀. Omi náà dé orúnkún. Bàbá àti ìyàwó wọn ń to ẹrù sórí tábìlì. Mo bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì, àpò gàrí àti ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò wọn, mo lọ mo bọ̀ títí a fi kó wọn tán.

Àwòrán kan wà lára ògiri, ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó di ṣọ́bìrì mú, tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò béèrè ẹni tó jẹ́. Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé e, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ìwọ ni kó o gbé èyí. Má jẹ́ kó tutù.”

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò pè mí ní Ọ̀gá mọ́.

Nígbà tí omi fà, a parí iṣẹ́ wa. Bàbá kọ́ mi bí mo ṣe máa fetí sí gíà: bó bá ń ké, ó fún jù, bó bá ń mì, ó dẹ̀ jù. Mo dá sípíríǹgì àkọ́kọ́ padà sínú ẹ̀. Nílé, mo kun ara ìbọn náà lọ́dà yẹ́lò látòkè délẹ̀, mo fi àwọ̀ ewé sẹ́nu ẹ̀. Ìyàwó mi ní ó ti di kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé kí n gbé e pamọ́ mọ́.

Mo pe Bàbá lórí fóònù kí n tó gbé e lọ fún wọn wò. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Wọ́n rìn yí i ká, wọ́n tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, wọ́n ní kí n yìn ín sí agolo mílíìkì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó bà á. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi, èmi náà ò sì nà án sí wọn.

“Báwo nìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ ṣe ń ṣe eré yìí gan-an?” wọ́n bi mí.

Mo ṣàlàyé. Mo ní bí ọta bá ti ba ẹnì kan, ẹni náà á gbọ́wọ́ sókè, á kúrò lójú eré, á lọ jókòó. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ òmíràn, á tún wọlé.

“Ẹni tí ọta bà, á tún padà wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Gbogbo wa la máa ń padà wá.”

Wọ́n lọ gbé agolo náà dúró padà. “Eré tó dáa nìyẹn,” wọ́n wí. Oníbàárà kan ti ń dúró dè wọ́n níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì wọlé lọ tan ẹ̀rọ wọn.