Gíà Ọkọ̀ Bàámi

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ kí nǹkan máa bàjẹ́ lójú mi. Ìyàwó mi ní tí mo bá ń jẹun pàápàá, ẹsẹ̀ mi á máa mì lábẹ́ tábìlì. Ẹ wá wo bí ara mi ṣe gbóná tó ní ọdún tí mọ́tò bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú ọgbà ilé tí a háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Bàámi ti fẹ̀yìn tì ní Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú wọn ní apá òsì. Mo lọ kó àwọn àti màámi wá sí Èkó, mo sì wa mọ́tò wọn bọ̀, nítorí bàámi kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ ni, onígíà ọwọ́, tí búréèkì ọwọ́ rẹ̀ ò di nǹkan kan mú mọ́. Kì í jáde. Bàámi á kàn jókòó ní fàráńdà, wọ́n á máa wò ó. Ọ̀rọ̀ ò yọ lẹ́nu wọn mọ́. Tí a bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á fọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ó dà bíi pé bàámi ti pinnu pé àwọn ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ti òkè òkun dé ló fún mi ní ẹ̀rọ kan. Rìmóòtù ni, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, mọ́tò á sì ṣíná láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé mọ́tò tí kò ní kíláàṣì, tó ń yí gíà fúnra rẹ̀, ni wọ́n ṣe é fún. Rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe nítòsí ráńdábáòtù Ìkòtún kà á, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọ̀gá, ara wọn ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Tí gíà bá ti wà ní fìríì ṣá, tí kò wọ ibì kankan, kò sí wàhálà."

Ní ọjọ́ Sátidé tó parí iṣẹ́ náà, mo fi rìmóòtù sí ọwọ́ ọ̀tún bàámi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, èéfín yọ lẹ́yìn mọ́tò. Bàámi wo àtàǹpàkò wọn, wọ́n wo mọ́tò, wọ́n tún wo àtàǹpàkò wọn. Wọ́n fi apá ẹnu tó kù fún wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n jẹ iyán tí màámi gún, wọ́n sì na ọwọ́ sí ẹran inú abọ́ tèmi. Màámi wọ yàrá lọ, mo mọ̀ pé ẹkún ni wọ́n lọ sun.

Ayọ̀ yẹn ò tọ́jọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàámi tẹ̀ ẹ́, mọ́tò fò síwájú, ó kọlu òkúta tí mo gbé síwájú táyà, ó sì kú. Ẹ̀rọ yẹn rò pé ẹ́ńjìnnì ni kò tíì mú, ó tún ṣíná, mọ́tò tún fò. Rìmóòtù bọ́ lọ́wọ́ bàámi. Títí di ọ̀sán, wọn ò fẹnu kan ẹ̀kọ.

Mo sáré ṣí mọ́tò. Gíà kìíní ló wà. Ta ló fi í síbẹ̀? Mo lọ bá rewáyà ní Ìkòtún, mo sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó jí nǹkan mi. Ó tẹ̀lé mi wá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú wáyà, ó pààrọ̀ fíúùsì, ó fi gílóòbù kékeré kan dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó yọ gíà sí fìríì, ó tẹ rìmóòtù, mọ́tò ṣíná wẹ́rẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ṣíná.

"Ọ̀gá, mọ́tò yín ò ní nǹkan kan. Ẹ yé fi í sí gíà."

"Èmi kọ́ ni mò ń fi í sí i."

"Á jẹ́ pé iwin ni nìyẹn."

Díẹ̀ ló kù kí n lé e jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mọ́tò tún fò. Mo tún lọ mú rewáyà wá, ó tún gbogbo wáyà so láti ìbẹ̀rẹ̀. Pàbó ló já sí. Mo wá òkúta tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́tò, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ìṣó ní pálọ̀. Ilẹ̀ mọ́, gíà kìíní náà la tún bá. Níbi iṣẹ́, mi ò lè jókòó, ọ̀gá mi bi mí bóyá èèrà wà lórí àga mi. Mo fura sí gbogbo ayálégbé, títí kan ìyá arúgbó tó ń ta kẹrosíìnì. Bàámi ò sì gba rìmóòtù mọ́. Tí mo bá nà án sí wọn, wọ́n á dijú. Abọ́ oúnjẹ wọn ń padà sí kíṣìnì bó ṣe jáde. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, mọ́tò kọ́.

Ní ọjọ́ kan mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo tètè délé, mo sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn dúróòmù omi láti mú ẹni náà. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ilẹ̀kùn ilé wa ṣí. Màámi ni, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ṣí mọ́tò, wọ́n na ẹsẹ̀ tẹ kíláàṣì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti gíà, wọ́n mì í wò bóyá ó wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Màámi ò wa ọkọ̀ rí láyé wọn.

Mo jáde sí wọn. "Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Wọn ò tilẹ̀ ta gìrì. "Mò ń fi mọ́tò sí gíà. Ṣé o fẹ́ kó yí lọ ni?"

"Yí lọ síbo? Ẹ̀gbẹ́dá la wà, Màámi. Ibo lẹ ti rí òkè níbí?"

Orí òkè ni ìlú wa ní Èkìtì wà. Ẹni tó bá fi mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀ láìfi í sí gíà, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni yóò ti lọ wá a. Gbogbo onímọ́tò ibẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí bàámi kọ́ màámi nípa mọ́tò náà nìyẹn: tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, kí wọ́n lọ wò ó pé ó wà ní gíà.

Mo pariwo. Mo ní wọ́n fẹ́ fi mọ́tò pa wá, mo ní àwọn ni kò jẹ́ kí bàámi jẹun. Màámi dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n ní, "Bàbá rẹ kì í pè mí mọ́. Orúkọ mi ò yọ lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ tí mọ́tò yìí ti dún, tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, wọ́n á kọjú sí mi, wọ́n á ní, 'Gíà.' Ó máa ń já gaara. Ọ̀rọ̀ kan tó kù tí wọ́n ń bá mi sọ nìyẹn. Ṣé kí n má dá wọn lóhùn ni?"

Báyìí la wá ṣe é: màámi ń fi í sí gíà ní ìrọ̀lẹ́, èmi ń jáde ní ìdájí, kí bàámi tó jí, mo ń yọ ọ́ sí fìríì. Mo di ọwọ́ bàámi mú, a jọ tẹ rìmóòtù náà títí ẹ̀rù fi kúrò lára wọn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Rewáyà yà wò wá, ó bi mí bóyá iwin ti lọ, mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ jàre. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń ta jí pé mo ti pẹ́, pé bàámi ti tẹ̀ ẹ́. Báyẹn la ṣe ń bá a lọ láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé.

Kí ọyẹ́ yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, a ti gbé bàámi lọ sin ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ṣáájú pé wọ́n ń lọ. Ní ìdájí ọjọ́ kan mo wọ mọ́tò, mo tẹ kíláàṣì, mo di gíà mú láti yọ ọ́. Ó ń mì sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́ mi. Fìríì ló wà. Mo kọ́kọ́ bínú, mo ní màámi ti gbàgbé. Nígbà tí mo gbójú sókè, màámi dúró ní fàráńdà, wọ́n fi ìborùn bo orí.

Wọ́n ní, "Mo jókòó tì wọ́n lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Wọn ò sọ ọ́."