Ọkọ̀ Tó Ń Bí Ọ́ìlì

Títí di òní, bí òórùn pẹtiróòlù bá jáde níbi tí kò yẹ kó ti jáde, ìyá mi ni mo máa ń rí. Ó wọ aṣọ funfun ìrìn-àjò Mẹ́kà, ó dúró lẹ́bàá títì ní Ridge, ní Accra, ó ń ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnì láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò ní rà. Ọdún tí wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó sídì ni. Mo ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo ń ta wáyà àti gílóòbù ní ọjà Okaishie, mo sì gbà pé kò sí ohun tí wọ́n fi irin ṣe tó lè rú mi lójú.

Bàbá mi ti kú ní ọdún kan ṣáájú. Ọkọ̀ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún mi, ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ wàrà tó ti rà kí wọ́n tó bí mi. Kò sí Aláta kan, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Accra, ní àdúgbò Cow Lane tí kò mọ ọkọ̀ náà, wọ́n sì máa ń sọ pé bàbá mi gbọ́ èdè ọkọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó lọ kírun, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa gééjì ọ́ìlì yọ, á nù ún sára bébà funfun, á sì gbé bébà náà wọlé. Bó bá jáde, ó lè wọ ọkọ̀ kó máa lọ, ó sì lè ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, tí àwa ní Accra ń pè ní fítà. Èmi rò pé ṣe ló ń lọ fi bébà yangàn fún ìyá mi. Nígbà tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, mo rò pé ìmọ̀ ọkọ̀ náà so mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí mo gba ọkọ̀ ni mo fa gééjì yọ, tí mo rí i pé ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè. Èmi kò bu ọ́ìlì kankan sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ga sí i. Ẹlòmíràn ì bá bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo lèyí ti ń wá. Èmi, ọmọ bàbá mi, mo ní àlùbáríkà ni. Mo lọ sọ fún àwọn àgbà mọ́sáláàsì pé ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ń jẹ ọ́ìlì, ọkọ̀ bàbá tèmi ń bí i. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ẹni rere kì í kú tán. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀hún pa ojú ara rẹ̀, àwọn yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rántí pé irin kì í lóyún. A kí ara wa kú oríire, a sì túká.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà. Láàárọ̀, á ṣiṣẹ́ geere. Bí oòrùn bá ti mú, tí ẹ́ńjìnì gbóná, á húkọ́, á sì kú. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ kọ́ìlì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ kabúrétọ̀. Fítà bàbá mi, tó wà ní Lapaz, ní kí n gbé ọkọ̀ wá kó wo pọ́ǹpù tó ń fa pẹtiróòlù. Mo ní, “Pọ́ǹpù tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà?” Ó ní pọ́ǹpù kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Mo kà á sí àfojúdi, n kò sì lọ.

Ọdún yẹn ni ó kan ìyá mi láti lọ sí Mẹ́kà. Ọṣẹ ló ń tà ní ọjà Makola, òróró àti kẹrosíìnì ló sì ti tà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bọ́ sídìí ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti múra ìrìn-àjò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àìsàn bàbá mi dá a dúró. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé bí bàálù bá fi òun sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó tán nìyẹn. Ó ti bá onítasí kan ṣàdéhùn pé kó gbé òun lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Èmi ni mo lé onítasí náà padà. Mo ní ṣé tasí ni yóò gbé ìyàwó bàbá mi, kí ọkọ̀ bàbá mi máa wòran?

Nígbà tí a dé Ridge lójú ọ̀nà, ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú púlọ́ọ̀gì, mo dè é padà, mo da omi tútù sí àkísà, mo fi wé ibi tí ojú mi bá ṣáà ti rí. Ìyá mi jókòó sínú ọkọ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tó pẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

“Fa gééjì yẹn yọ kí n rí i.”

“Màmá, ẹ jókòó. Ọ́ìlì kọ́ ló ń ṣe é. Ọ́ìlì rẹ̀ pọ̀, ó tún ń pọ̀ sí i ni.”

“Ó ń ṣe kí ni?”

“Ó ń pọ̀ sí i. Àlùbáríkà bàbá ni.”

Ó na ọwọ́, mo fi gééjì lé e lọ́wọ́. Ó ra ọ́ìlì náà bí ó ṣe máa ń ra òróró tí wọ́n bá kó wá fún un, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti lú nǹkan mọ́ ọn. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Pẹtiróòlù ló wà níbí,” ó wí. “Nǹkan tó yẹ kó máa gbé e lọ sókè ti ya, ó ń dà á sísàlẹ̀. Pe fítà bàbá rẹ. Àlùbáríkà kì í rùn báyìí.”

Ó na ọwọ́ sí tasí kan, ó fi èdè Twi ná owó rẹ̀, ó gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ṣí ẹsẹ̀ láti tẹ̀ lé e. Ó ní, “Rárá o, ìwọ dúró ti abiyamọ rẹ.” Nígbà tó pè mí láti pápákọ̀ òfurufú, ó ní wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí òun dé, agbára káká ni òun fi wọlé. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá títì, mo pe fítà. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọkọ̀ náà.

Fítà dé, kò sì rẹ́rìn-ín, èyí tó tún dùn mí jù. Ó tú rọ́bà tó ń gbé pẹtiróòlù lọ sí kabúrétọ̀, ó ki ẹnu rọ́bà náà bọ ike òfìfo, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀kán mélòó kan ló kán sínú ike, kò sì kán mọ́. Ó tú nọ́ọ̀tù méjì, ó yọ pọ́ǹpù jáde, ó tú inú rẹ̀, ó fi awọ rọ́bà tó ti fàya hàn mí. Láti ibẹ̀ ni pẹtiróòlù ti ń ṣàn sínú ọ́ìlì, oyún tí mo ń kéde kiri nìyẹn. Ó ní bí mo bá ti ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì yóò lọ ara rẹ̀ di ìyẹ̀fun irin. Mo sọ ohun tí ìyá mi wí fún un. Ó ní, “Owura, wo maame nim adwuma yi sen wo.” Ó ń sọ fún mi pé ìyá mi mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Mo ti gbọ́ Twi láti kékeré, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí n má gbọ́ ọ.

A gbé pọ́ǹpù tó bàjẹ́ lọ sí Abossey Okai, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá ni apá irin ara rẹ̀ kúrú, títí bàbá arúgbó kan fi tú ọ̀kan jáde nínú ìwé ìròyìn tó ti pọ́n. Fítà fi apá méjèèjì wọn ara wọn, ó dè é pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, bébà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fọwọ́ ara mi tú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dà nù. Àlùbáríkà ṣàn sínú agbada bí omi ẹ̀kọ, èmi ni mo sì gbé e lọ dànù.

Nígbà tí ìyá mi dé láti Mẹ́kà, mo fi ọkọ̀ náà lọ pàdé rẹ̀. Kò wọ ọkọ̀. Ó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú làálì lọ́wọ́ títí mo fi fa gééjì yọ fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí pé ó dára. Mo bi í níbo ló ti kọ́ ọ.

“Ta lo rò pé ó ń wo bébà bàbá rẹ lọ́jọ́ Jímọ̀?” ó wí. “Bàbá rẹ kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ó kàn mọ ẹni tó yẹ kó bi ni. O jogún ọkọ̀, o ò jogún ìyẹn.”

Ìyá mi náà ti lọ báyìí. Ọkọ̀ ṣì wà, mo sì máa ń gbé bébà funfun wọlé fún ìyàwó mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ohun tó máa ń sọ kò ju pé ó dúdú lọ. Ó ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà mọ́sáláàsì tó kù ṣì máa ń sọ pé bàbá mi gbọ́ èdè ọkọ̀. Mo ti sọ fún wọn léraléra pé ìyá mi ló gbọ́ ọ, bàbá mi kàn ń jẹ́ iṣẹ́ fún un ni. Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ló ṣì ń ṣe mí. Wọn kò lè gbà mí gbọ́. Wọ́n ti fi ọwọ́ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì náà pa ojú rí.