Ẹrù Tí Ọkọ̀ Náà Kó Kẹ́yìn

Nígbà tí Àlàájà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wá ṣe Úmúrà, mo lọ mú wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn ní Ṣubéékà, ní Mẹ́kà, mo gbé wọn wá sí Jẹ́dà níbi tí mo ti ń ta tùràrí, kí wọ́n lè rí Bálàdì, ìlú àtijọ́.

Ilé kan wà níbẹ̀ tí bàbá tó ni ín máa ń jẹ́ kí àlejò wọ̀. Ó fi òpó ẹnu ọ̀nà dúdú kan hàn wá, ó ní ara ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti gé e. Ó ń sọ Lárúbáwá, mo ń túmọ̀ fún Àlàájà.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo sọ bí ọkọ̀ onígbòkun náà ṣe ń kó òwú láti Íńdíà lọ sí ìlú òyìnbó láyé àwọn baba ńlá wa, títí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fi dé, tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó gbó, oníṣòwò Jẹ́dà kan rà á, ó ń fi í kó ìrẹsì àti àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Háàjì. Àlàájà ń ṣe “Máṣá Àllà,” wọ́n ń fọwọ́ pa òpó náà lára.

Bàbá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní kó tó di pé wọ́n tú ọkọ̀ náà, òdìkejì Òkun Pupa ló ń lọ, tó ń kó àwọn ènìyàn dúdú wá tà, ní ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. “Abíìdì” ló pè wọ́n. Ẹrú nìyẹn. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà pe èmi náà rí ní ọjà.

Mo sọ fún Àlàájà pé, “Bàbá ní ó tún kó èrò díẹ̀ sí i.”

Àlàájà wò mí. “Bàbá yìí sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí o ń wolẹ̀?”

Mo sọ ọ́ tán fún wọn. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo ni ọkọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lára òpó.

“Irú wa ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Bi í bóyá ó mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.”

Mo bi í. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí, òun ò sì mọ̀. Ó wá àga fún Àlàájà, wọn ò jókòó. Orí ìdúró ni wọ́n ti ṣe àdúà fún àwọn òkú náà, bàbá ń ṣe àmín. Mi ò lè gbójú sókè, nítorí èmi ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn òkú náà pamọ́.

Nígbà tí a jáde, wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn. Inú mi dùn láti sáré lọ ra omi, kí n lè kúrò lójú wọn.