Aṣọ Àrán Tí Mo Fi Bo Kọ̀ǹpútà

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Nígbà tí àìsàn ò jẹ́ kí bàbá-àgbà rẹ, ọkọ mi, lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Ẹnu Ọ̀wá mọ́, bàbá rẹ gbé kọ̀ǹpútà wá sí pálọ̀. Ó fẹ́ tẹ ìtàn ìdílé wa sínú rẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló kù tó mọ orúkọ gbogbo àwọn àgbà wa, àti ìyá tó bí oníkálukú.

Ẹ̀rọ náà ń falẹ̀. Bàbá rẹ ní kí ẹnjiníà kan ní Olówógbowó pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀ sí èyí tó yá. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú, gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ á sì lọ, torí bàbá rẹ kì í fi pamọ́ àfi tó bá tẹ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tán.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

“Ẹ̀rọ rẹ yìí, àfi bí ìyá rẹ! Èmi á máa sọ̀rọ̀, òun á ti sùn lọ.”

A rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ. Nígbà kẹta, ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Mo ní kí bàbá rẹ fi bírò kọ ọ́. Ó ní ẹnjiníà ń bọ̀ lọ́la.

Ẹnjiníà dé, ó yọ mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ, ó fi ìrésà ọmọ iléèwé nu àwọn eyín irin ara rẹ̀. Lójú tiẹ̀, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ títí ó fi di ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe lọ tán, ẹ̀rọ tún kú. Ẹnjiníà padà wá, ó pààrọ̀ ọpọlọ náà sí òmíràn, bákan náà ni. Bàbá rẹ bú ẹnjiníà náà, èmi náà bá a bú u.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, ọkọ mi ní ó rẹ òun, ká jẹ́ kó di ọ̀la. Kò rí ọ̀la.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, ẹnjiníà dédé wọlé wá kí wa. A ò retí rẹ̀. Bàbá rẹ wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹnjiníà fọwọ́ kan àpótí ẹ̀rọ, ó yára fa ọwọ́ padà.

“Mọ́mì, ta ló da aṣọ bò ó?”

Èmi ni. Aṣọ àrán ìgbéyàwó mi ni. Irú rẹ̀ náà ni mo fi bo rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nítorí eruku, ojú gbogbo ilé ti mọ́ ọn. Tí ẹnjiníà bá ń bọ̀, màá ká a kó lè ráyè ṣiṣẹ́; tó bá lọ, màá tún un tẹ́ padà. Ọpọlọ àtijọ́ fara dà á. Tuntun ń gbóná jù ú lọ, aṣọ mi sì ti dí ihò tí ooru ń gbà jáde.

Bàbá rẹ ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e lé mi nítan. Ẹ̀rọ ò kú mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìtàn ọ̀hún dúró síbi ìyá tó bí bàbá-bàbá ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dárúkọ obìnrin náà lójú mi. Mo jókòó tì í, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò fi sọ́kàn, torí mo rò pé ẹ̀rọ ti gbà á.