Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Ka Àmì Orí Kọ̀ǹpútà Mi

Èékánná gígùn ni mo fi ń rántí ẹ̀gbọ́n tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Torino, ní Ítálì. Wọ́n á nà án sí kọ̀ǹpútà mi, wọ́n á máa ka àwọn àmì tí mo fi wọn ìró ẹ́ńjìnnì. Mo ń fura, torí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ń dù.

"Àbúrò, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àmì méjì yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n? Ìró yẹn yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ̀n ọ́n léraléra, kí àwọn àmì náà lè súnmọ́ra."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dá mi dúró ni.

Lọ́jọ́ tí mo gbèjà tesi mi, ìyẹn ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ mi, ìbéèrè kan náà ni professore, ọ̀jọ̀gbọ́n wa, bi mí. Àwọn àmì yẹn náà ni mo tún ń kà fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ojú tì mí, ó sì dùn mí, àmọ́ mo ṣì ń fura: kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n ò sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kejì?