Ọta Tí Kò Wọ́n

Òórùn ẹ̀tù ni mo kọ́kọ́ fi mọ ọkọ mi. Bí ó bá ń bọ̀ láti ìgbẹ́ lówùúrọ̀, òórùn náà ni í ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, òórùn kíkorò kan tó máa ń dúró sára aṣọ kódà lẹ́yìn tí mo bá ti fọ̀ ọ́ tán. Àgbẹ̀ ni, ọdẹ sì ni, ní Òdà lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọmọ Oǹdó ni èmi, ilé aláṣọ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, n kò sì mọ ohunkóhun nípa ìbọn. Mo rò pé ọta ìbọn dà bí ẹyin adìyẹ, pé ẹni tó bá ti rí ọ̀kan ti rí gbogbo wọn. Mo tilẹ̀ bá a jà lọ́jọ́ kan tó jókòó ti ọta bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì, tó ń gbọ̀n wọ́n sétí, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìdí wọn wò, tí ọbẹ̀ tí mo gbé kalẹ̀ sì ń tutù.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹran kì í dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni ìbọn rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, tòun tìwé àṣẹ. Ṣọ́ọ̀bù kan tí ìjọba fọwọ́ sí ní Àkúrẹ́ ló ti ń ra ọta, àwọn tí wọ́n kó wá láti ilé iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí ara wọn ń dán bíi bọ́tìnnì aṣọ òyìnbó. Díẹ̀ ló máa ń rà, á sì lò ó pẹ́, nítorí kì í yìnbọn tí kò bá dá a lójú. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n ní Nàìjíríà, ọta náà wọ́n. Nígbà tó yá, ẹni tó ní owó pàápàá lè dé ṣọ́ọ̀bù náà kí wọ́n ní kò sí.

A ì bá fara mọ́ ọn. A lè jẹ ẹja dípò ẹran ìgbẹ́. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ajínigbé gba oko lọ́wọ́ wa. Wọ́n mú àgbẹ̀ kan lójú ọ̀nà oko rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí i gbà padà. Wọ́n mú ẹlòmíràn, òun kò padà rárá. Kòkó gbó lórí igi, a ò lè lọ ká a. Ẹ̀gẹ́ le nínú ilẹ̀ títí ó fi di igi. Olórí ọdẹ wá pe àwọn ọdẹ jọ, ó ní àwọn obìnrin kò gbọdọ̀ dá lọ sóko mọ́, ọdẹ kan ni yóò máa sìn wọ́n lọ, tí yóò sì máa sìn wọ́n bọ̀. Láti ìgbà náà ni ìbọn ọkọ mi kò ti jẹ́ ti ẹran nìkan mọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ènìyàn nílò ọta ju ẹni tó ń ṣọ́ òkété lọ.

Èmi ni mo dárúkọ alágbẹ̀dẹ tó wà ní Oǹdó. Ìbátan ìyá mi ni, àgbàlagbà tó máa ń tún ọta tí wọ́n ti yìn kì fún àwọn ọdẹ. A wọ mọ́tò, a gba Ọ̀wẹnà kọjá, a sì bá a ní ìdí ẹwìrì rẹ̀. Èdè Oǹdó ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń túmọ̀ fún ọkọ mi nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Ọta rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ́n, ohun tó bá sì kì máa ń lọ tààrà. Ọkọ mi yìn ín wò lára òkìtì ọ̀gán kan lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ, ó sì padà wá pẹ̀lú ojú ọmọdé tó jẹ oyin. Fún ìgbà díẹ̀, ọkàn wa balẹ̀.

Nígbà tí a tún padà lọ, bàbá náà fi ọwọ́ wá àga kó tó jókòó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kì í," ni mo wí.

Ó mi orí. "Ọmọ mi, ojú mi ti ṣú. Ẹni tí kò ríran kò gbọdọ̀ kì ọta fún ẹni tí wọ́n ń retí nílé."

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èédú. Bàbá náà fi omi àti obì ṣe wá lálejò, ó sì súre fún wa, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọta. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Mo ní ìmọ̀tara-ẹni-nìkan àgbà ni. Bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn kẹ́kọ̀ọ́ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé àánú ló ṣe wá.

Ibi tí a ti wá rí ọta tí kò wọ́n ni ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Àkúrẹ́. Abẹ́ tábìlì ló ń kó wọn sí, nínú ọ̀rá dúdú. Ọkọ mi bi í léèrè ẹni tó kì wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orúkọ ẹni tó rọ ọkọ́ ni wọ́n fi ń roko ni?" A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Ọkọ mi mú un délé, ó yìn ín wò sí ìbẹ́pẹ kan tó pọ́n lókè pátápátá, ìbẹ́pẹ náà sì fọ́ yángá. Ó yin òmíràn, ó tún bá a. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń ṣọdẹ, òun kò rí ọta tó gbọ́ràn báyìí rí.

Olórí ọdẹ gbọ́, ó wá sílé wa. Ó gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ta ló kì í?"

"Bàbá, n ò mọ̀."

"Ọta tí a ò mọ ẹni tó kì í, àlejò ni. A kì í fi àlejò ṣọ́ ilé."

Ọkọ mi wo ilẹ̀. "Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n kí n wá fi ọwọ́ òfo ṣọ́ ọ ni?"

Olórí ọdẹ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ abẹ́ òun ló ń gbé ìbọn tí kò ní nǹkan nínú kiri, kí àwọn obìnrin má baà bẹ̀rù. Ó gbé ọta náà padà sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú. Ẹ̀gẹ́ ni à ń wú, èmi, ìyàwó àbúrò ọkọ mi àti àwọn obìnrin àdúgbò. Ọkọ mi dúró sábẹ́ igi obì kan, ó kọjú sí wa. A ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Àfi bí àwọn ọkùnrin ṣe jáde láti inú kòkó, tí ọ̀kan nínú wọn di ìyàwó àbúrò ọkọ mi mú ní ìró ìdí rẹ̀, tó ń wọ́ ọ lọ. Ó pariwo. Ọkọ mi ké pé, "Ẹ fi í sílẹ̀!" Wọn kò fi í sílẹ̀. Ó gbé ìbọn sí èjìká.

Mo mọ ìró ìbọn ọkọ mi bí mo ṣe mọ ikọ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìró rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí àrá bá sán lu òrùlé páànù. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó jọ pé àwọn ajínigbé náà rò pé ìbọn ńlá kan ni, tàbí pé àwọn ṣọ́jà ti dé, nítorí ńṣe ni wọ́n ju obìnrin náà sílẹ̀ tí wọ́n sá wọgbó. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà ń dúpẹ́. Ẹnu ọpẹ́ náà ni mo wà tí mo fi yíjú, tí mo rí i lórí eékún, tí ìbọn náà là bí òdòdó níwájú rẹ̀, tí kò sì sí ohun tí mo lè pè ní ọwọ́ ọ̀tún mọ́.

A fi aṣọ ìró di ọgbẹ́ náà. Ọ̀kadà kan ló gbé wa dé Àkúrẹ́, mo di ọkọ mi mú láti ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń gbóná lórí itan mi. Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ohun tí wọ́n gé, ó la ojú kan tó kù fún un.

"Ṣé wọ́n mú ẹnikẹ́ni?"

"Wọn ò mú ẹnikẹ́ni, Bàbá Ìbejì."

Ó wá ní, "Ẹ̀gẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ kó o délé?"

Mo ní a kó o. Irọ́ ni, ó ṣì wà nínú oko. Ó mi orí bí ẹni tí ọjà rẹ̀ tà. Ọgbẹ́ náà kẹ̀, ibà gbé e, kò sì rí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà.

Àwọn ọdẹ ṣe ìsípà fún un, ètùtù ọdẹ tó kú, wọ́n sì sun ìrèmọ̀jé, orin arò wọn. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ ohun kan náà: ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé, ṣùgbọ́n nínú mi mo ń sọ pé ikú ogun kọ́ ló pa ọkọ mi. Ọta tí wọ́n ki ẹ̀tù sí jù, tó fi owó ara rẹ̀ rà, ló pa á, nítorí èyí tó dára ju agbára rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà náà, ó ti palẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní òun náà kò kì nǹkan kan rí láyé rẹ̀, pé ṣe ni wọ́n ń kó àwọn ọta náà wá fún un.

Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ni mo ń gbé báyìí ní Àkúrẹ́, lẹ́bàá àdúgbò Ìjàpọ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti bímọ lẹ́yìn náà. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n sọ ọmọ náà. Bí wọ́n bá gbé e wá, mo máa ń gbé e jó, n óò sì lọ sí ẹ̀yìn ilé fún ìgbà díẹ̀. Tí ọta yẹn bá jẹ́ ojúlówó, ṣé ìró rẹ̀ ì bá lé wọn? Tí kò bá dún rárá ńkọ́? Mo ti ro ó títí, n kò rí ẹni bi.

Nígbà mìíràn, bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ tí èrò sì kún, mo máa ń wo ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó jókòó tì mí. Ọwọ́ lásán ni, tí epo ọkọ̀ tàbí erùpẹ̀ wà nínú èékánná. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló kì ọta yẹn, tó ń wá oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ mí. Kò mọ̀ pé òun pa ẹnikẹ́ni, kò sì mọ̀ pé òun gba ẹnikẹ́ni là. Bí mo bá dé ibi tí mò ń lọ, n óò ní, "Ẹ dákun, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀," ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn á sì nà, á dì mí mú lápá, kí n má baà ṣubú.